Ẹ̀dọ̀, Oníbodè Ara

Bí inú bá ń bí ènìyàn ní ilẹ̀ wa, ohun tí àgbà yóò kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bi ara wa pé kí ni iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ náà gan-an. Ẹ̀dọ̀ tí ó wà nínú ọbẹ̀ ni a mọ̀. Èyí tí ó wà nínú ikùn tiwa, a kì í rántí rẹ̀ àfi ìgbà tí ó bá bàjẹ́. Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí ìyá kan tí mo fẹ́ràn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ẹgbẹ́dá ni ó ń gbé, ọjà Ìkòtún ni ó sì ti ń ta aṣọ. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìkòtún ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, ariwo àwọn agbèrò àti oòrùn tí ń pa ni, kò ní bèèrè ìdí tí orí fi ń fọ́ ọ. Màmá ní ọ̀rá kékeré kan nínú àpò owó wọn: oògùn orí fífọ́ wà níbẹ̀, ti ọ̀fìnkìn wà níbẹ̀, ti ara ríro náà kò gbẹ́yìn. Bí ó bá di ọ̀sán, alágbo a dé, a sì bu agbo jẹ̀díjẹ̀dí ife kan fún wọn, èyí tí a fi ọtí rẹ. Nígbà tí mo bèèrè pé, "Mà, kí ni gbogbo èyí wà fún?", wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ṣé ìwọ kò gbọ́ pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé kan ni ó kù?"

Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ewé rẹ̀ kò pé ni a pa á fún, a kò pa á fún ẹni tí ó kó ewé kún ìkòkò títí ó fi ń ṣàn sílẹ̀. Láti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé hóró oògùn kan dé ibi tí ó ń lọ.

Ní ayé àtijọ́, ọlọ́jà kì í ru ẹrù wọ ìlú ńlá láì gba ọ̀dọ̀ oníbodè kọjá. Oníbodè a tú ẹrù wò, a sì gba tirẹ̀, kí ó tó yọ̀ǹda ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀dọ̀ rí. Oògùn tí a bá gbé mì, bí ó bá ti inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kì í lọ tààrà sí ọkàn. Iṣan ńlá kan ni ó ń gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀ ná. Àwọn oògùn kan wà tí oníbodè yìí ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí nìyí tí àwọn tí àrùn ọkàn ń mú kí àyà máa dùn fi ń fi glyceryl trinitrate sí abẹ́ ahọ́n: láti ibẹ̀ ni ó ti ń wọ ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń yẹ ibodè sílẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ní ibodè gan-an ni wọ́n ti ń gba agbára. Codeine, tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de oògùn ikọ́ olómi tí a fi ń ṣe ní ọdún 2018, kò lágbára púpọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di morphine. Ẹ̀dọ̀ ẹnì kan sì yára sí iṣẹ́ yìí ju ti ẹlòmíràn lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n kan náà tí kò ran ẹnì kìíní lè jẹ́ ewu fún ẹnì kejì.

Olórí iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ lórí oògùn ni pé kí ó yí i padà di ohun tí omi lè gbé, kí kíndìnrín lè bá ìtọ̀ tì í jáde, tàbí kí òróòro gbé e sínú ìfun kí ó bá ìgbẹ́ lọ. Paracetamol ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ilé tí kò sí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ń dì ní ẹrù wọ́ọ́rọ́wọ́ tí ó sì ń bá ìtọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ a di májèlé. Ẹ̀dọ̀ ní olùṣọ́ kan, glutathione ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó ń mú májèlé náà so. Bí oògùn bá wà ní ìwọ̀n, olùṣọ́ ká a. Bí ó bá pọ̀jù, olùṣọ́ a tán, májèlé a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Ọtí àmujù a tún máa dín olùṣọ́ kù. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé ní ọjọ́ kìíní, ó lè máà ju kí èébì máa gbé ènìyàn lọ. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni ojú ń pọ́n. Oògùn tí a fi ń gbà á sílẹ̀ wà, acetylcysteine ni, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́ ni ó dára jù kí ó dé.

Oníbodè yìí ní àléébù kan: kò mọ ìwé kà. Kò mọ orúkọ tí a kọ sí ara ìgò. Ní ìparí ọdún 2008, a fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní oògùn eyín híhù kan tí a ń pè ní My Pikin, tí wọ́n ṣe ní ìlú Èkó. Kẹ́míkà diethylene glycol ti wọ inú rẹ̀, níbi tí ó yẹ kí propylene glycol tí kò léwu wà. Ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń ṣe é: ó yí ohun tí ó rí padà. Ásíìdì tí ó jáde láti inú iṣẹ́ náà ni ó ba kíndìnrín wọn jẹ́. Ọmọ 84 ni ìjọba kà pé ó kú. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí lórílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 1990, tí paracetamol olómi pa ọmọ 47. Ẹ̀dọ̀ kò ṣẹ̀; olóòótọ́ ìránṣẹ́ ni. Ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ni ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó dì fún un.

Mo wá kó àwọn páálí inú ọ̀rá Màmá sórí tábìlì, mo sì ka àwọn lẹ́tà wínníwínní ara wọn sókè. Paracetamol wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mílígíráàmù 500 nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju gíráàmù 4 lọ láàárín wákàtí 24, èyí tí í ṣe hóró 8. Ẹni tí ó bá ń lo méjì méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, hóró 18 ni ó gbé mì.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní: "Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n wá ń pè ní orúkọ mẹ́ta yìí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sìn wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgándò. Dókítà ní kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń lò, títí kan agbo, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò. Inú wa dùn pé ẹ̀dọ̀ wọn kò tíì bàjẹ́. Ẹyọ oògùn kan ni ó kù nínú ọ̀rá Màmá nísinsìnyí. Ọ̀rọ̀ agbo ni a kò tíì parí. Èmi kò kẹ́gàn ewé, nítorí láti ara èèpo igi ni quinine ti wá; ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀dọ̀ kan náà ni ó ń dá tewé tòyìnbó lóhùn, àti pé alágbo kì í sọ ìwọ̀n. Màmá ní àwọn bàbá àwọn lò ó, wọ́n sì pẹ́ láyé. Mo ní kì í ṣe pẹ̀lú hóró 18. Ibẹ̀ ni a bá a dé.