Ṣé Ó Ń Gòkè?

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti rí ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tó sì dájọ́ ikú fún odindi ẹ́ńjìnnì.

Oṣù mẹ́jọ tí àwọn olùkọ́ wa fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, ilé ni mo wà. Bàámi ní mọ́tò kan nígbà náà, Datsun 280ZX, funfun, onílẹ̀kùn méjì, tí imú rẹ̀ gùn gbọọrọ. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sílé ni wọ́n ti rà á ní 1984. Láàárín 1978 sí 1983 ni Nissan ṣe irú rẹ̀. Ti 1981 ni tiwa. Sílíńdà mẹ́fà ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kó tó yọ ní kọ́nà ni àwọn ọmọ àdúgbò á ti máa pariwo pé, "Spọ́ọ̀tì ń bọ̀!"

Lọ́dún náà, owó ilé ìwé àbúrò mi obìnrin pọn dandan, owó ìfẹ̀yìntì ò sì dé bó ṣe yẹ. Bàámi ní àwọn máa ta mọ́tò. Oníbàárà dé, wọ́n dúnàádúrà, ó ní òun á kówó wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kẹta ni abẹ́rẹ́ ọ́ìlì ṣubú. Tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sitáàtì mọ́tò, abẹ́rẹ́ á gbéra díẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá gbóná, tó dúró ní síló, abẹ́rẹ́ á sùn lọ sórí òdo.

Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ pè wò ó, ó mirí. "Daddy, ẹ́ńjìnnì yìí ti nọ́ọ̀kì. Bíárìn ti jẹ tán. Ẹ lọ ra tọ́kùnbọ̀." Kò ṣí nǹkan kan o. Oníbàárà gbọ́, ó gé owó sí ìdajì. Bàámi ní kò burú, àwọn gbà.

Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀ tó bá yá. Mo bẹ Bàámi títí, a gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ti ń tún Datsun ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀gá ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n.

Ọ̀gá bi mí pé, "Kí lò ń kọ́ ní yunifásítì?"

"Yorùbá ni, sà."

"Yorùbá? Ṣé o ò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni?" Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, kí la ń pe oil pressure ní Yorùbá?"

Mo ronú díẹ̀. "Ìfúnpá ọ́ìlì, sà."

"Ìfúnpá? Ṣé ẹ́ńjìnnì ní apá tí wọ́n á fún ni?" Ẹ̀rín wá pọ̀ gan-an. "Ohun tí àwa ń bi ara wa níbí ni pé, ṣé ọ́ìlì ń gòkè?"

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Pọ́ǹpù ló ń fa ọ́ìlì láti inú páànù nísàlẹ̀, á tì í gba inú fílítà kọjá, títí á fi dé àárín irin àti irin, kí wọ́n má baà ha ara wọn. Tí bíárìn bá ti jẹ, àlàfo á pọ̀, ọ́ìlì á kàn máa ṣàn dànù bí omi inú páìpù tó lu. Òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ á ṣubú. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kan náà á ṣubú tí ọ́ìlì bá ti ṣàn jù, tí pọ́ǹpù bá ti rẹ̀, tàbí tí ohun tó ń gbé ìròyìn fún abẹ́rẹ́ bá ń parọ́. Ṣé gbogbo ara gbígbóná ni ibà ni?

Ọ̀gá ní ohun tí kò náni lówó la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n tú switch ọ́ìlì kúrò lára ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi géèjì tiwọn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, géèjì ka 4 psi ní síló. A tẹ iná dé ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó ka 15. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe é ni 10 psi fún ìyípo 1,000. Abẹ́rẹ́ ò parọ́. Àìsàn wà lóòótọ́. Ohun tó fà á la ò tíì mọ̀.

Wọ́n yẹ ọ́ìlì wò: ó pé, 20W-50 ni, kò rùn bí epo pẹtiróòlù. Wọ́n tú fílítà, wọ́n fi ayùn gé e, wọ́n tẹ́ bébà inú rẹ̀ sínú oòrùn. "Tó bá jẹ́ bíárìn ló jẹ, ibí yìí á máa dán yinrinyinrin." Kò sí ohun tó ń dán. Àmọ́ àwọn ègé dúdú kéékèèké kan wà níbẹ̀, wọ́n rọ̀ bíi rọ́bà. Ọ̀gá fi èékánná tẹ ọ̀kan.

"Gọ́ọ̀mù," ni wọ́n wí.

Ara mi tutù. Ní Kérésìmesì 2021, ọ́ìlì ń jò lábẹ́ ìderí orí ẹ́ńjìnnì. Kí a má baà sanwó iṣẹ́, èmi ni mo ṣí i, tí mo ra gọ́ọ̀mù dúdú, tí mo pa á bí ẹni ń pa bọ́tà sí búrẹ́dì. Jíjò dá. Mo ṣe fọ́rífọ́rí ọ̀sẹ̀ kan. N ò mọ̀ pé èyí tó yọ sínú á já, á sì bá ọ́ìlì wálẹ̀ sínú páànù.

Wọ́n sọ páànù kalẹ̀, wọ́n fọ asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù. Ó wá kan pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Níwájú nísàlẹ̀ ló wà, bóòtù mẹ́rin ló dè é. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tó ń yí i ló tún ń yí distributor lókè. Tí wọ́n bá dá a padà ṣe bákan, iná ò ní bọ́ sí àkókò mọ́. Nítorí náà, Ọ̀gá yí ẹ́ńjìnnì títí písítìnnì kìíní fi dókè pátápátá, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, kí wọ́n tó tú u. Wọ́n ṣí ọmọrí kékeré tó ní sípíríǹgì lára pọ́ǹpù, èyí tó ń dá ọ́ìlì padà tí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù. Gọ́ọ̀mù kan, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ló há sẹ́nu rẹ̀. Kò lè pa dé. Ọ́ìlì tó yẹ kó gòkè ń padà sẹ́yìn.

"Ta ló pa gọ́ọ̀mù báyìí?"

Bàámi wò mí. Wọ́n ti mọ̀. "Àwa ni," ni wọ́n wí.

Mi ò lè jẹ́ kó parí síbẹ̀. "Èmi ni, sà."

Ọ̀gá ò bú mi. Wọ́n na ọ̀bẹ sí mi. "Ẹni tó pa á ni yóò ha á kúrò." Mo ha ìderí náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, géèjì ka 18 ní síló, ó ka 50 ní ìyípo 3,000. Oníbàárà wá, ó fojú ara rẹ̀ rí i, ó san iye àkọ́kọ́. Lóòótọ́ mọ́tò lọ, ṣùgbọ́n kò lọ bí òkú. Àbúrò mi wọlé ìwé. Nígbà tí a padà sí kíláàsì ní oṣù kẹwàá, mo ṣí ìwé tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí, mo fa ìlà pa "ìfúnpá ọ́ìlì" rẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ, Bàámi tẹ̀ ba fèrèsé rẹ̀. "Ṣé ó ń gòkè?"

"Kí ló ń gòkè, sà?" Kò yé oníbàárà.

Mo na ọrùn wo abẹ́rẹ́. Mo ní, "Ó ń gòkè, sà."