Lórí kẹ̀kẹ́ láti Ìdáàṣà dé Sábẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ará, kí oòrùn tó yọ la ti gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Ìdáàṣà. Ọ̀nà náà lé ní 50 kìlómítà. A kọjá Glazoué. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Parakú fẹ́rẹ̀ẹ́ fi atẹ́gùn gbé wa sínú igbó.

Lórí afárá odò Ouémé, ó rẹ àbíkẹ́yìn wa, ó ní òun ò lọ mọ́. Àwọn kan ní ká máa lọ. A kọ̀; gbogbo wa jókòó, a mumi. A wá ní kó ṣáájú. Nígbà tí àwọn òkè Sábẹ̀ẹ́ yọ, ibi ìsádi àwọn baba wa nígbà ogun Dàhòmì, òun ló kọ́kọ́ kígbe.

Ẹ yẹ ìjánu wò, ẹ gbé omi dání, kí ẹni tágbára rẹ̀ kéré jù máa ṣáájú. Òkè kì í sá lọ.