Ẹ Wo Wáyà Kí Ẹ Tó Wo Ẹran: Ìrọ̀lẹ́ Nídìí Súyà ní Sábó, Ìbàdàn

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí èèyàn ń ti Mọ́kọ́lá bọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe Sábó fún un. Imú rẹ̀ ni yóò mú un débẹ̀. Òórùn ẹran, òórùn yájì, òórùn àlùbọ́sà, gbogbo rẹ̀ á ti dà pọ̀ mọ́ èéfín ọkọ̀. Kí ẹni tí kò fẹ́ náwó tó mọ̀, ọwọ́ ti wọ àpò!

Sábó kì í ṣe àdúgbò àná. Láti ọdún 1916 ni wọ́n ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá tó wá ṣòwò n'Ìbàdàn. Sábòn Gàrí, ìyẹn ìlú tuntun lédè Haúsá, ni ẹnu gé kúrú tó fi di Sábó. Obì ni wọ́n ń kó lọ sókè Ọya, màlúù ni wọ́n ń dà bọ̀. Ibi tí màlúù bá sì pọ̀ sí, ṣé ẹ mọ̀ pé iná ẹran kò lè jìnnà síbẹ̀.

Àgbá tí wọ́n là sí méjì ni ààrò ẹlẹ́ran. Èédú wà nínú rẹ̀, wáyà wà lórí èédú. Ẹran tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi igi gún, ti yí nínú yájì: kúlíkúlí lílọ̀, atalẹ̀, ata àti iyọ̀. Bí ọ̀rá bá ti kán sínú iná, ṣàà! iná á sọ sókè.

"Àlááji, ẹ jẹ́ kí tèmi jiná dáadáa o!"

"Màmá, kò sí wàhálà, ẹ ṣe sùúrù."

Gbogbo èèyàn ló ń wo ẹran. Gbogbo èèyàn ló ń wo ata. Ta ló ń wo wáyà? Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ìdọ̀tí àná lórí ẹran òní

Ọ̀rá àná tó gbẹ mọ́ wáyà ń dúró de ẹran òní ni. Eṣinṣin ti bà á, eruku ti bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹran lé e bẹ́ẹ̀, dúdú yẹn á lẹ̀ mọ́ ẹran. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sì ti sọ ọ́ pé èéfín ọ̀rá tó ń jó máa ń gbé àwọn nǹkan tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ lé ẹran lórí. Dúdú tó wà lára ẹran kì í ṣe adùn o!

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í kánjú. Á kọ́kọ́ gbé wáyà òfìfo lé iná títí ọ̀rá àná á fi jó di eérú. Nígbà tí wáyà ṣì gbóná, á fi irin pẹlẹbẹ ha á. Lẹ́yìn náà, á la àlùbọ́sà sí méjì, á fi irin gún un, á fi ojú rẹ̀ nu wáyà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò gba àkókò, kò gba owó púpọ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì onírin lè pa ni lára

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń sun bọ̀ọ̀lì, ẹ̀yin tó ń yan ẹja, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí. Búrọ́ọ̀ṣì onírin àti kànrìnkàn onírin ń já. Ẹyọ kan tín-ín-rín á lẹ̀ mọ́ wáyà, á bọ́ sára oúnjẹ, ojú kò ní í rí i. Ní Providence, ìpínlẹ̀ Rhode Island l'Amẹ́ríkà, láàárín oṣù kẹta ọdún 2011 sí oṣù kẹfà ọdún 2012, èèyàn 6 ló dé ilé ìwòsàn nítorí irú irin bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbé mì. Ó gún àwọn kan lọ́rùn nínú, ó dá ìfun àwọn mìíràn lu títí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ẹran jíjẹ lásán!

Ẹni tí kò bá rí nǹkan mìíràn lò, kó fi aṣọ tútù nu wáyà dáadáa lẹ́yìn tó bá ti tutù, kó sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ wò.

Ohun mìíràn tún ni wáyà inú fíríìjì tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù irin. Ẹ má fi yan nǹkan! Wọ́n fi ọ̀dà tàbí rọ́bà bo àwọn kan. Wọ́n fi kádímíọ̀mù pa àwọn ti àtijọ́ mìíràn lára. Májèlé ni, bí iná bá sì ti kàn án, ó lè bọ́ sínú oúnjẹ.

Ààrò tó ń fọ ara rẹ̀

Àwọn ìyá tó ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà lè bá ààrò mìíràn pàdé níbẹ̀. Ọdún 1963 ni General Electric gbé irú rẹ̀ jáde. Ẹ tẹ bọ́tìnì, ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀ pa, inú rẹ̀ á gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 480 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, nígbà tó jẹ́ pé 100 péré ni omi ń hó. Ọ̀rá á di eérú. Iṣẹ́ kan náà ni iná Sábó ń ṣe fún wáyà òfìfo.

Àmọ́ ìta gbangba ni Sábó, afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín lọ. Inú ilé ni tòkèèrè wà. Afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn lè wà nínú èéfín ọ̀rá yẹn. Bí ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ bá wà nínú ààrò, èéfín rẹ̀ lè pa ẹyẹ tó wà nínú àgò. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo nǹkan inú rẹ̀ jáde, ẹ fi aṣọ nu ọ̀rá tó pọ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé ọmọ jìnnà. Ẹ má sùn, ẹ má jáde. Ẹ má sì ṣe é ní ọ̀la ìkómọ, torí ooru yẹn lè ba ààrò jẹ́, àlejò á wá máa wo ẹran tútù!

Iná ń fọ wáyà lóòótọ́, ojú èèyàn ló ń ṣọ́ iná. Oníbàárà, owó yín lẹ fẹ́ ná: ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí wáyà. Ẹ̀yin tó ń tà, àlùbọ́sà kan kò tó ohun tí yóò lé oníbàárà lọ. Ẹni tí irin bá há lọ́fun kì í padà wá rajà.