Bí Mo Ṣe Ń Ṣún Iná Bátìrì Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Mi Lò

Ohun tí a bá ṣún lò ní í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Bí ọ̀rọ̀ owó ti rí nìyí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti iná inú bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìwé títẹ̀ ni mo fi ń kún owó ìfẹ̀yìntì mi. Ní àdúgbò wa, iná ìjọba lè lọ láti àárọ̀ di alẹ́. Bí bátìrì bá kú, àfi kí n ra epo bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀, èrè iṣẹ́ náà yóò sì bá epo lọ.

Ohun kìíní tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kù, nítorí pé ó wà lára ohun tí ń jẹ iná jù. N kì í jẹ́ kí ó ju èyí tí mo lè fi kàwé lọ. Mo sì ti ṣètò rẹ̀ pé bí n kò bá fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 3, kí ojú náà ṣú fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, mo ṣí Settings lórí Windows, mo yan System, mo sì wọ ibi tí ètò bátìrì wà. Níbẹ̀ ni mo ti pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí ṣún iná lò nígbà tí ó bá ku ìdá 50 nínú 100. Nígbà náà, yóò dín iṣẹ́ tí ń lọ lábẹ́lẹ̀ kù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Irú iṣẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni í jẹ bátìrì láìjẹ́ pé a fura.

Bí mo bá fẹ́ jẹun, Sleep ni mo máa ń yàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń jáde lọ fún ìgbà pípẹ́, Hibernate ni. Sleep ṣì ń jẹ iná díẹ̀ láti fi rántí ohun tí a ń ṣe; Hibernate máa ń kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sórí díìsìkì, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iná mọ́.

Àwọn kan gbà pé ó yẹ kí bátìrì kú pátápátá kí a tó fi iná sí i. Bátìrì ayé àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn bá mu; kò bá lithium tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà òde òní mu. Ooru ni ọ̀tá tirẹ̀. Nítorí náà, n kì í gbé kọ̀ǹpútà sórí ìrọ̀rí tàbí bẹ́ẹ̀dì, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Nígbà tí iná bá sì ń wà déédéé, mo máa ń ṣètò rẹ̀ pé kí ó dáwọ́ gbígba iná dúró ní ìdá 80, nítorí pé kíkún dẹ́múdẹ́mú nígbà gbogbo máa ń tètè sọ ọ́ di arúgbó.

Kọ̀ǹpútà tí kì í lò ju wákàtí 2 lọ tẹ́lẹ̀ ti ń bá mi dé wákàtí 3 ààbọ̀ báyìí, n kò sì ra bátìrì tuntun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó sọ pé ohun kan kò tó, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ẹ gbà ń lò ó.