Kálàmù Aláwọ̀ Mẹ́ta

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó mú ilé-ẹ̀kọ́ wa pé 70 ọdún. Bí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti ń ra àga, tí wọ́n sì ń kun ilé ìsìn, àwa tí a kọ́ iṣẹ́ igi pinnu láti fi igi ṣe kálàmù 70, kí àwọ̀ mẹ́ta ilé-ẹ̀kọ́ wa, pupa, funfun àti aró, yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká bí òrùka. Kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́ lásán. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbèrò láti sọ yàrá iṣẹ́ igi di yàrá kọ̀ǹpútà, nítorí ó ti pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ti fi iṣẹ́ náà ṣe ìdánwò. Wọ́n ní bí yàrá náà bá lè bọ́ ara rẹ̀, àwọn yóò tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Ẹni tí kò rí i rí lè rò pé ọ̀dà ni a fi ń kun àwọn òrùka náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ń gé ìrókò onígun mẹ́rin tí ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sí méjì, a ń to igi pẹlẹbẹ aláwọ̀ mẹ́ta sáàárín, a sì ń fi gúlúù lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá gbẹ, a ó lu ihò mílímítà 7 já a láti orí dé ìdí, a ó ti ọ̀pá idẹ bọ inú ihò náà, a ó gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń yí igi, a ó sì máa fi irin mímú fá a bí ó ti ń yí títí yóò fi rí róbótó. Irin náà a máa fá ju ìdajì igi náà dànù. Nítorí náà, àwọ̀ tí ó bá wà lójú igi nìkan yóò bá eruku lọ. Ó gbọ́dọ̀ ti wọ inú igi já kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì.

Funfun kò ṣòro: arère ni. Pupa náà ti wà nílẹ̀, nítorí pé osùn tí àwọn ìyá wa ń kùn fún ọmọ tuntun àti ìyàwó, inú igi ni pupa rẹ̀ ti ń wá. Aró ni ìṣòro. Àwa kò mọ igi kan nínú igbó wa tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ aró.

A fẹ́ kí ohun gbogbo jẹ́ ti ilẹ̀ wa, nítorí náà a gbé arère pẹlẹbẹ lọ bá ìyá aláró kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ìyá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, aṣọ ni í mu aró, igi kàn ń tọ́ ọ wò ni.” Síbẹ̀ wọ́n bá wa tì í bọ inú ìkòkò. Ó jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó di aró lójú wa bí aṣọ ti í ṣe. Nígbà tí a là á, inú rẹ̀ funfun báláú.

Aró oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà lọ́jà ni a padà lò, èyí tí ń yọ́ pátápátá nínú omi gbígbóná, tí ó sì lè bá omi wọ inú iṣan igi. A là arère náà di mílímítà kan péré, a rì í sínú ìgò fún ọjọ́ márùn-ún. Nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, a ń ṣẹ́ ẹyọ kan láti wo inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n osùn ni ó gba òógùn wa jù. Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ pupa rẹ̀, ṣùgbọ́n bí sípíríìtì bá kàn án, kíá ni yóò ṣàn. Ọmọdébìnrin kan láti SS 2, tí ó ń ṣe kẹ́mísírì, ni ó fi èyí hàn wá nínú ife méjì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pa ọjọ́ Àbámẹ́ta kan jẹ lọ́dọ̀ wa. Fáníìṣì tí ó ní sípíríìtì yóò fa pupa wọ inú funfun. Eruku osùn pàápàá, bí sáńpépà bá ń tì í, yóò wọ ihò ara arère. Nítorí náà, bí irin bá ti kúrò lára igi, súpà gúlúù tí ó ṣàn bí omi ni a ń fi dí ojú igi. Lẹ́yìn èyí, a ó dá ẹ̀rọ dúró, a ó fi sáńpépà họ ọ́ ní òòró, a ó sì fi ẹ̀rọ àwọn tí ń fẹ́ táyà fẹ́ eruku dànù. Aṣọ tútù kò gbọ́dọ̀ kàn án. (Ẹ̀yin tí ẹ bá rà á, ẹ má gbàgbé rẹ̀ síwájú gíláàsì mọ́tò: oòrùn a máa sọ osùn di àwọ̀ ilẹ̀, a sì máa pa aró rẹ́.)

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá mú ayùn yóò ju ìwé sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí Besaleli ti ẹ̀yà Juda, ẹni tí Ẹ́kísódù sọ pé Ọlọ́run fi ọgbọ́n iṣẹ́ igi fún, àti Aholiabu ti ẹ̀yà Dani tí ń fi òwú aláró ṣe ọnà. Ọgbọ́n ni ìwé náà pe ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Kálàmù 58 ti wà lórí tábìlì ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Méjìlá tí ó kù ni a yà sọ́tọ̀ fún ìgbìmọ̀, tí yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ yàrá náà ní oṣù tí ń bọ̀. A óò gbé wọn síwájú wọn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi buwọ́ lu ohunkóhun tí wọ́n bá pinnu.