Ìràwọ̀ Táyé, Ìràwọ̀ Kẹ́hìndé

Káàdì méjì ni Ìyá Ìbejì máa ń kó sínú ọ̀rá kan tó bá ń lọ wọn ọmọ ní Ìgbó-Ọrà. Àbúrò ìyá mi ni. Èrúwà ni mo ti ń kọ́ni nígbà náà, mo sì máa ń yà kí i lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ́ káàdì méjèèjì sórí ẹní, ó ní kí n bá òun kà á. Ìlà tí wọ́n fà fún Táyé ń gòkè bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀. Ti Kẹ́hìndé gòkè fún oṣù mẹ́ta, ó wá na gbọọrọ bí ẹni tó dùbúlẹ̀.

Kí n tó la ẹnu, obìnrin kan tó wá ra gààrí ti dá sí i. Ó ní wòlíì ìjọ àwọn ti rí i pé ìràwọ̀ kan ṣoṣo làwọn ọmọ méjèèjì jọ ní, Táyé tó kọ́kọ́ jáde ló sì ti kó èyí tó pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì wo obìnrin náà, ó wo káàdì, ó ní, "Ṣé ìràwọ̀ ló wá ń mu ọmú mi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá mi dé Èrúwà. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń pe ìràwọ̀, tí mò ń ya àtẹ sójú pátákó, n kò sì jókòó rí kí n bi ara mi léèrè ohun tí mò ń sọ.

Bàbá bàbá mi kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ ojú ọ̀run. Ní abà wa lẹ́yìn Èrúwà, níbi tí kò ti sí iná mìíràn ju ti ààrò lọ, a máa ń tẹ́ ẹní síta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a óò fẹ̀yìn lélẹ̀. Òun ló fi Àgùàlà hàn mí: èyí tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, tí kì í ṣẹ́jú, tó máa ń yọ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí a sì máa ń rí i nígbà mìíràn nítòsí oṣù. Ajá òṣùpá làwọn kan ń pè é, nítorí wọ́n rí i tó ń bá a rìn. Bàbá kò fẹ́ràn orúkọ yẹn. Ó ní ṣé gbogbo ẹni tó bá ọba jáde náà ni ẹrú ọba? Mo ti gboyè kí n tó mọ̀ pé Àgùàlà kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀. Ayé bíi tiwa ni, òun náà ń yí oòrùn po, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sì fi ń dán. Òun làwọn Òyìnbó ń pè ní Venus. Bàbá gbà pé kì í ṣe ajá. Ẹ̀kọ́ ilé ìwé ní kì í ṣe ìràwọ̀. Àgùàlà lásán ló wá ṣẹ́kù, orúkọ náà sì tó o.

Bàbá náà ló fi ìràwọ̀ mìíràn hàn mí, àmọ́ ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ ìyẹn kọjá. Ìràwọ̀ ilẹ̀ ni, ewéko kékeré tó máa ń hù sí etí ọ̀nà oko, tí òdòdó funfun wínníwínní ṣù jọ mọ́ oríkèé rẹ̀. Ó já díẹ̀, ó ra á láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó fún omi rẹ̀ sí làpálàpá tó wà lọ́rùn mi. Ó ta mí gan-an. Títí dòní, bí ẹnì kan bá pe ìràwọ̀, òórùn ewé yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú kí ojú mi tó lọ sókè.

Ìkẹta ń bẹ ní ìtòsí wa tí Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba kọ́ ibùdó kan sí Lánlátẹ̀, wọ́n gbé abọ́ irin ràgàjì kan kalẹ̀ níbẹ̀ tó la ẹnu sí ọ̀run. Ohun tó ń wò ni sátẹ́láìtì tó wà lókè òkun Atlantic, ìràwọ̀ tí ọmọ ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sókè. Èyí kì í yọ, kì í wọ̀, ojú kan ló dúró sí. Kí fóònù tó di ohun tí a ń sọ sápò, bí ẹnì kan ní Èkó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ohùn rẹ̀ gba orí àwọn oko Ìbàràpá kọjá. NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, jogún ibùdó náà ní 1985, NITEL fúnra rẹ̀ sì ti kógbá wọlé.

Ìràwọ̀ tún ń já. Tó bá já, àwọn àgbà á ní ẹni ńlá kan ti wọlẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn yé mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Shooting Stars: ìràwọ̀ tó ń já. Eré àti iná lẹni tó sọ wọ́n lórúkọ ń rò. Ẹni tó dàgbà ní abà á ro òkú ìjòyè. Lóòótọ́, ní 1976, àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì tún gba òmíràn ní 1992. Àmọ́ wọ́n ti já sí ìpele kejì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ Shooting Stars. Orúkọ a máa ro ọmọ.

Èyí tó gbòde jù báyìí ni ìràwọ̀ tí obìnrin yẹn mú wá síbi gààrí. "Ìràwọ̀ rẹ ń tàn, àwọn ayé ń fọwọ́ bò ó." Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ. Àwọn aáfà náà ní tiwọn: wọ́n á ṣírò orúkọ ẹni mọ́ orúkọ ìyá ẹni, wọ́n á sì sọ ìràwọ̀ tó ni ín. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá rí kó so ìràwọ̀ mọ́ ènìyàn báyìí. Orí ni tirẹ̀. Ẹni tí nǹkan ń dára fún, orí rẹ̀ ló gbè é. Ẹni tí kò rọrùn fún, kó lọ bọ orí rẹ̀. Ìpín wà, àyànmọ́ wà. Kádàrá tí a yá lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá pàápàá wà. Kò sí èyí tí ń gbé ojú ọ̀run nínú wọn. Mo fura pé ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni ìràwọ̀ àyànmọ́ gbà wọlé. Nínú Bíbélì Yorùbá, tó jáde lódindi ní 1884, àwọn amòye ti ìlà-oòrùn rí ìràwọ̀ ọba tuntun, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Bí ọba àwọn Júù bá ní ìràwọ̀, kí ló dé tí ọmọ Ìgbó-Ọrà kò ní ní tirẹ̀?

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀kan nínú àwọn baba ìjọ náà ló tako ọ̀rọ̀ yìí jù lọ, ọmọ Áfíríkà sì ni. Wọ́n bí Augustine ní 354 ní ìlú Thagaste, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó gba awòràwọ̀ gbọ́ pátápátá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Firminus ló sọ ìtàn ìbí ara rẹ̀ fún un. Bàbá Firminus àti ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ìràwọ̀ wíwò débi pé wọ́n ń kọ àkókò tí àwọn ẹran inú ilé wọn bímọ sílẹ̀. Ìyàwó bàbá Firminus lóyún, ẹrúbìnrin ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà lóyún. Wọ́n bí àwọn ọmọ méjèèjì nígbà kan náà gan-an, tó fi jẹ́ pé àwọn ìránṣẹ́ tí ilé kọ̀ọ̀kan rán láti gbé ìròyìn lọ pàdé ara wọn ní agbede-méjì ọ̀nà. Ìràwọ̀ kan, àkókò kan. Ọ̀kan di olówó, èkejì ń sin olúwa rẹ̀. Ibẹ̀ ni Augustine ti yí ojú sí àwọn ìbejì, sí Ísọ̀ àti Jékọ́bù, ó sì kọ awòràwọ̀ sílẹ̀.

Ká ní Augustine dé Ìgbó-Ọrà ni! Patrick Nylander, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ka ìbejì bíi 45 nínú ìbímọ 1000 ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí. Káàkiri ayé, bíi 12 ni. Àwọn ará ìlú ní ọbẹ̀ ilásà tí àwọn fi ń jẹ àmàlà ló fà á, èmi sì ti jẹ ẹ́ títí láìbí ìbejì kankan. Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí, kò sẹ́ni tí kò mọ ìbejì tí ọ̀kan lówó tí èkejì ń tọrọ. Táyé kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ wa nítorí pé ó kọ́kọ́ jáde. Kẹ́hìndé ló rán an kó lọ tọ́ ayé wò wá. Ẹni tó bá gbára lé wákàtí tí ọmọ jáde, iṣẹ́ tí wọ́n rán Táyé nìkan ló rí.

Báwo la ṣe wá ń wo ọjọ́ iwájú ọmọ? Nǹkan tí a tẹ́ sílẹ̀ ni à ń wò. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bí ọmọ ni babaláwo ń ṣe àkọsẹ̀jayé. Ó bu ìyẹ̀ròsùn sójú ọpọ́n, ó pa ikin mẹ́rìndínlógún mọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, ó tẹ̀ ẹ́ ní méjì. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ó tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kan, títí ìlà mẹ́rin fi dúró lápá ọ̀tún, tí mẹ́rin dúró lápá òsì. Odù tó jáde jẹ́ ọ̀kan nínú 256. Àwọn aáfà tó ń tẹ yanrìn náà, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí a bá ti ka odù ọmọ tán, a fi ọwọ́ pa ìyẹ̀ròsùn rẹ́, ojú ọpọ́n tún mọ́lẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ àtẹ kan ṣoṣo, àtẹ ìró kọ́ńsónáǹtì, wọ́n sì kórìíra rẹ̀. Mo máa ń rán wọn lọ sí ọjà. Àtẹ ni ìyá aláta kó ata lé. Ó to àwọn ata náà ní òkìtì òkìtì, èyí tó pọ́n níwájú, èyí tó fẹ́ bàjẹ́ lábẹ́, kí oníbàárà lè fi ojú kan ṣoṣo mọ iye tó wà àti iye tí yóò san. Ohun tí àtẹ ìwé ń ṣe náà nìyẹn, àfi ti pé àtẹ ìyá aláta ní ìsàlẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ ká rí. Ẹ má sì fi ohùn ṣeré o. Fi àmì òkè kún un, ó di àtẹ́, èyí tí a ń bẹnu rẹ̀ lu ìwà búburú, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Káàdì Ìyá Ìbejì náà, àtẹ ni. Iléṣà àti Ìmèsí-Ilé ni David Morley, dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Kò jẹ́ kó máa gbé ilé ìwòsàn: ìyá ọmọ ló ní kó máa tọ́jú rẹ̀ sílé. Oṣù wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmì kan lóṣù kan, ìlà ni yóò so wọ́n pọ̀. Kò sọ ohun tí ọmọ yóò dà. Ibi tó ti ń bọ̀ ló ń fi hàn, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kà á rí ibi tó ti yà.

Nọ́ọ̀sì tí Ìyá Ìbejì kó káàdì méjèèjì lọ bá mọ̀ ọ́n kà. Kò béèrè wákàtí tí wọ́n bí wọn. Ohun tó béèrè ni ẹni tó ń kọ́kọ́ mu ọmú. Ìyá Ìbejì ní Táyé ni, nítorí pé òun ló máa ń ké jù. Tó bá yó tán, Kẹ́hìndé á mu èyí tó kù, á sì sùn lọ. Nọ́ọ̀sì ní láti ọjọ́ náà lọ, kí Kẹ́hìndé máa kọ́kọ́ mu. Obìnrin tó wá ra gààrí kò kúkú parọ́ tán: Táyé kó èyí tó pọ̀ lọ lóòótọ́.

Nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́jọ, ìlà Kẹ́hìndé ti ga ju ti Táyé lọ. Káàdì méjèèjì ṣì wà nínú ọ̀rá náà, ní abẹ́ àwọn aṣọ Ìyá Ìbejì.