Pátákó Líìgì Ẹ̀bá Ọ̀nà Olódò

Pátákó náà kò tóbi ju ilẹ̀kùn yàrá lọ. Pákó pẹlẹbẹ ni, wọ́n gún dúdú inú bátìrì àlòkù mọ́ ewé, wọ́n sì fi kùn ún bí wọ́n ti ń kun pátákó ìkọ̀wé nílé ẹ̀kọ́ abúlé láyé àtijọ́. Ó fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù fọganáísà kan lẹ́bàá ọ̀nà tó gba Olódò lọ sí Ìwó, láàárín ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà àti òkìtì táyà tó ti gbó. Ṣọ́ọ̀kì tí ọ̀gá fọganáísà fi ń fa róbótó yí ojú ibi tí túùbù ti jò ká, òun náà ló fi ń kọ tébù líìgì Nàìjíríà. Ọwọ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ, omi inú báàfù tó ń ri túùbù bọ̀ a sì máa ta sí àwọn lẹ́tà ìsàlẹ̀. Ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ tébù ni omi ń kọ́kọ́ pa rẹ́. Àwọn aláwàdà ní ohun tó tọ́ sí wọn gan-an nìyẹn.

Ogún ẹgbẹ́ ló wà nínú líìgì, ṣùgbọ́n àyè ò gba ogún. Méje òkè ló ń kọ, pẹ̀lú mẹ́rin ìsàlẹ̀ tó fẹ́ já. Gbogbo àwọn tó wà láàárín, tótó mẹ́ta ló fi dípò wọn. “Àwọn wọ̀nyẹn ò ní yọ̀, wọn ò sì ní sunkún,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló ń tún un kọ, lẹ́yìn tí rédíò bá ti ka èsì tán. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni fún gbogbo orúkọ, àfi ẹyọ kan. Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí gbogbo wa ń pè ní Súútìn, búlúù ni tiwọn, nítorí aṣọ tí wọ́n ń wọ̀.

Bí Súútìn bá wà nínú tótó mẹ́ta yẹn, pátákó kì í lérò. Ṣùgbọ́n ní sáà tí wọ́n bá gbéra dáadáa, tí búlúù bá gòkè dé ipò kìíní tàbí ìkejì ní oṣù Kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ẹ wá wo ẹ̀bá ọ̀nà. Awakọ̀ Micra tó ń na Ìwó Róòdù a rọra tẹ bíréèkì, a yọ orí lójú fèrèsé, èrò ẹ̀yìn a sì máa pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú lọ. Obìnrin tó ń gbé gàrí lọ sí Bódìjà a ní kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Ẹni tí kò dárúkọ Súútìn láti oṣù Karùn-ún a lọ tú jẹ́sì búlúù rẹ̀ tó ti di aṣọ oko jáde, tòun ti oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ láyà, a gbé e wọ̀, a di Géètì, a di Mọ́kọ́lá, ó di Adámásingbà, ní pápá tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Lekan Salami pè. Tó bá padà dé lálẹ́, ohùn rẹ̀ a ti há. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi ọ̀gá fọganáísà, àfi bí ẹni pé òun ló ń yan agbábọ́ọ̀lù: ṣé yóò lè dúró báyìí?

Bàbá kan wà tó fi táyà tírélà ṣe àga níbẹ̀. Kòkó àti ọsàn ló ń ṣe lóko. Bàbá yìí kì í dáhùn ìbéèrè náà, ìtàn ló ń fi í dáhùn. Á ní ní 1976, Súútìn gba líìgì, wọ́n sì tún na Tonnerre ti Yaoundé ní 4-1 nílé kí wọ́n tó lọ fi 1-0 pàdánù lọ́hùn-ún, ife náà sì di ti Ìbàdàn, ife Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan gbà. Á ní lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta, 1980, tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 ní Súrùlérè, Segun Odegbami ló gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹyọ kan, Best Ogedegbe ló sì ṣọ́lé. “Ẹ̀yin lẹ pè é ní Nàìjíríà. Súútìn ni!” Kò purọ́ o. Ọmọ Súútìn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóòótọ́.

“Bàbá, ẹ má bínú,” awakọ̀ Micra kan bi í lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀. “Líìgì wo la ti gbà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi?”

Bàbá ń wá fìlà rẹ̀. Líìgì márùn-ún ni Súútìn gbà: 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998. Ọmọkùnrin náà kò tíì délé ayé ní 1998. Bó ti wù kí sáà kankan ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà náà, kò sí èyí tó fi ife parí. Ní 2017, ṣe ni wọ́n tiẹ̀ já lọ sí ìpele kejì, ó sì di 2021 kí wọ́n tó padà.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ọ̀gá fọganáísà ni òpó tóóró kan tó fà sí apá ọ̀tún pátákó, tí kò fún lórúkọ. Ìlà kéékèèké ló ń fà síbẹ̀ bí ẹni ń ka àpò gàrí. Póíńtì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó bọ̀ láti àjò nìyẹn. Àwọn èrò kì í wò ó, ojú wọn wà lórí búlúù. Bẹ́ẹ̀ òpó yẹn lọ̀rọ̀ wà. Nínú líìgì tiwa, àlejò kì í sábà borí onílé. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe mẹ́rin nílé nínú mẹ́fà àkọ́kọ́ lè dà bí ọba lórí pátákó, kó sì jẹ́ pé kò tíì fi bẹ́ẹ̀ jáde nílé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìdíje méjìdínlógójì ló wà ní sáà kan, mọ́kàndínlógún nílé, mọ́kàndínlógún lájò. Bí Súútìn bá borí gbogbo ti Adámásingbà láìku ẹyọ kan, póíńtì 57 ni. Ẹgbẹ́ tó ń gba ife lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí ń ní bíi 70. Mẹ́tàlá tó kù yẹn, ojú títì ló wà.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí, síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní 1992, ọ̀mì aláìgóòlù tí wọ́n gbà bọ̀ láti Kampala lọ́wọ́ Villa ni ife CAF fi rọrùn, nígbà tí Villa dé Ìbàdàn, 3-0 ni. Ní 1996, nílé ni wọ́n ti kọ́kọ́ na Zamalek ní 2-1, gbogbo ìlú sì ti ń jó. Ní Cairo, Zamalek dá 2-1 padà fún wọn, wọ́n sì fi pẹnáritì gba ife Áfíríkà tó tóbi jù lọ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àgbàdo tó bá rí òjò àkọ́rọ̀ a máa yọ dúdú minimini, ẹni tí kì í ṣàgbẹ̀ á ti máa wá ìkòkò. Àgbẹ̀ ń dúró de ìgbà tó bá yọ irùkẹ̀rẹ̀. Ìgbà irùkẹ̀rẹ̀ líìgì ni oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ọyẹ́ ti dé, pápá ti le, ẹsẹ̀ ti ń wúwo. Bọ́ọ̀sì á gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Katsina, tàbí kó lọ bá El-Kanemi ní Maiduguri, ìrìn tó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n tún gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Oṣù Kìíní náà ni àwọn òkèèrè máa ń wá ra ẹni tó ń gbá góòlù wọlé. Láwọn ẹgbẹ́ kan, owó oṣù a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìgbà yẹn ni akọ́nimọ̀ọ́gbá máa bojú wẹ̀yìn wo bẹ́ńṣì rẹ̀, ohun tó bá bá níbẹ̀ ló máa sọ bí sáà yóò ṣe parí. Mọ́kànlá tó dára lè mú ẹgbẹ́ dé oṣù Kọkànlá. Kò sí mọ́kànlá tó lè dá mú un dé oṣù Karùn-ún.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì ní gbọ̀ngàn ìwòran mọ èyí dáadáa, wọn ò kàn fẹ́ fi kan Súútìn ni. Wọ́n rántí Hull City, tó bá àwọn ńláńlá dọ́gba lókè tébù ní oṣù Kẹwàá 2008, tó wá fi póíńtì kan ṣoṣo bọ́ lọ́wọ́ jíjá ní oṣù Karùn-ún 2009. Ẹ má tiẹ̀ dárúkọ Arsenal fún wọn, ọjọ́ 248 ni wọ́n fi wà lókè ní sáà 2022 sí 2023, Manchester City ló gba ife. Leicester tó gba ife ní 2016 nìkan ni wọ́n fi ń tu ara wọn nínú.

Mo rò pé kò yẹ kí wọ́n jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Remo Stars ti Ìkẹ́nẹ́ àti Súútìn jọ gòkè padà ní 2021 ni. Lọ́dún àkọ́kọ́ Remo ṣe ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà ìkejì, lẹ́yìn náà ìkejì lẹ́ẹ̀kan sí i, ní 2025 wọ́n gba líìgì. Ọwọ́ Kunle Soname ni wọ́n wà, kì í ṣe ọwọ́ ìjọba, wọ́n ní pápá tiwọn, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọdé agbábọ́ọ̀lù, nítorí náà bẹ́ńṣì wọn kì í gbẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ tiwọn ò dán ju ti ẹlòmíì lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló nípọn. Tí mo bá sọ èyí níbi pátákó, wọ́n á ní ará Rẹ́mọ ni mí.

Síbẹ̀, bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí Súútìn lọ bá Remo Stars lálejò, ìwé a yọ lára pátákó, orúkọ àwọn tó ń bá bọ́ọ̀sì Ìkẹ́nẹ́ lọ. Àjò tí kò jìnnà nìyẹn, ọ̀nà Èkó títí dé Ṣàgámù, kí a yà. Ọ̀gá fọganáísà ló ń gba owó, ó sì ti fi àyè ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lójú òpó tóóró rẹ̀. Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ ni ti bàbá onítáyà. Ó fẹ́ jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó sì ní òun ò ní san kọ́bọ̀: ẹni tó wà ní Súrùlérè lọ́jọ́ tí Odegbami gbá méjì wọlé ti san tirẹ̀.

“Ẹ ti san ti ọdún yẹn, Bàbá,” ni ọmọ Micra fèsì. “Díísù ti gbówó lórí.”